Ka Àkọsílẹ̀ Ẹ̀rọ Kí O Tó Pa Á Rẹ́

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí Linux bá gba ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé yín tán, tó tún dá yín padà sẹ́nu ọ̀nà, ẹ má tíì sáré pa á rẹ́. Ẹ tẹ Ctrl+Alt+F3, ẹ wọlé níbẹ̀, kí ẹ kọ sudo journalctl -b -p err. Ẹ̀rọ náà ti kọ ohun tó ń ṣe é sílẹ̀. Ẹ wá aago tí ẹ gbìyànjú àtiwọlé. Àṣìṣe àkọ́kọ́ níbẹ̀ ni kí ẹ dì mú, torí òun ló sábà máa ń bí ìyókù. Bí ẹ bá rí "No space left on device", àyè ló tán. Àṣẹ df -h yóò fi hàn. Nígbà mìíràn, fáìlì .Xauthority tó bọ́ sọ́wọ́ root ló tì yín mọ́ta. Bí ẹ bá ń wá ìrànlọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àwọn ìlà àṣìṣe náà ránṣẹ́ bí wọ́n ṣe wà gẹ́lẹ́.