Ẹ Béèrè Ìwọ̀n Kí Ẹ Tó Béèrè Bẹ́ẹ̀dì

Ní bí oṣù karùn-ún, tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé apá àríwá Ọsirélíà, ọ̀pọ̀ ìdílé á kọ́ ilé onítáyà mọ́ ìdí mọ́tò, wọ́n á sì kọrí síbẹ̀ lọ ṣe fàájì. Ẹ̀yin ọmọ wa tó wà ní Perth àti Melbourne, bí ẹ bá fẹ́ bá wọn lọ, ẹ dákun, ẹ gbọ́ tèmi kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Oríṣi méjì ló sábà máa ń gba ọkàn ẹni. Kámpà alákàá jẹ́ àgọ́ kanfáàsì tí wọ́n ká sórí ẹsẹ̀ onítáyà. Ẹ dé ibùdó tán kí ẹ tó tú u. Hybrid ní tirẹ̀ ní ara líle bíi káráfáànì, ibùsùn wà nínú rẹ̀, àmọ́ ìta ni wọ́n sábà máa ń dáná sí. Ẹni tó ń tà á á fi bẹ́ẹ̀dì àti fíríìjì hàn yín. Ìwọ̀n ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè.

Tare ni ìwọ̀n ohun tí ẹ fẹ́ fà lófìfo. ATM ni ìwọ̀n tí òun àti ẹrù rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá. Ohun tó wà láàárín méjèèjì ni àyè ẹrù yín. Ká ní ó jẹ́ 400 kílò: ẹ rọ 100 lítà omi sí i, 100 kílò ti lọ nìyẹn, a ò tíì dárúkọ gáàsì, bátìrì, àti ẹlùbọ́ tí mo mọ̀ pé ẹ ò ní fi sílẹ̀. Bí ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo ìwọ̀n ohun tí ẹ ń fà, tẹrùtẹrù, ló tún máa ń tẹ ìdí mọ́tò. Hybrid tó bá wọn 2,500 kílò á ti gbé bíi 250 kílò lé mọ́tò yín kí àwọn ọmọ tó wọlé. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi “mọ́tò yín lè fa 3,500 kílò” tàn yín. GCM, ìyẹn ìwọ̀n mọ́tò àti ohun tó ń fà pa pọ̀, ní ààlà tirẹ̀. Bí ẹrù bá pọ̀ jù, tàbí tó bá rọ̀ sẹ́yìn, atẹ́gùn ọkọ̀ akẹ́rù gbọọrọ kan lójú ọ̀nà Stuart Highway ti tó láti mú kí ohun tí ẹ ń fà máa jù síhìn-ín sọ́hùn-ún, kó sì dojú mọ́tò dé. Bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, adójútòfò lè kọ̀ láti sanwó.

Lójú tèmi, ẹni tí mọ́tò rẹ̀ kò lágbára kó fi hybrid sílẹ̀, bó ti wù kó wù ú tó. Ṣùgbọ́n kámpà náà ní ìyọnu tirẹ̀. Bí ẹ bá ká a ní tútù, ẹ tú u sá kíákíá tí ẹ bá délé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á bu, á sì máa rùn. Ẹni tó ní ọmọ ọwọ́, tó sì ń sún ibùdó lójoojúmọ́, hybrid á dẹ̀ ẹ́ lára jù. Ní erékùṣù K'gari, ẹ má tọ́jú oúnjẹ sínú kanfáàsì rárá, nítorí dingo, ajá igbó ibẹ̀, á fà á ya. Èyíkéyìí tí ẹ bá rà, ẹ má gbé iná èédú wọlé sùn nítorí òtútù. Èéfín rẹ̀ tí kò ní òórùn ń pa ènìyàn lójú oorun.

Kí ẹ tó gbéra, ẹ di gbogbo ẹrù, ẹ rọ omi kún, kí ẹ wà á lọ síbi tí wọ́n ti ń wọn ọkọ̀. Bí ohun tí ẹ ń fà bá kọjá ATM rẹ̀, ibẹ̀ náà ni kí ẹ ti sọ ẹrù kalẹ̀.