A Pè É Ní Ẹyọ Kan, Mẹ́fà Ni

Ní sáà tó kọjá, wọ́n ní kí oníkálukú wa mú nǹkan kan nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, kí ó fún un lórúkọ Yorùbá. Capitella capitata ló bọ́ sí mi lọ́wọ́: ohun pupa tín-ín-rín kan tí ń gbé inú yanrìn àti ẹrẹ̀ etíkun. Mo kọ "ekòló òkun", mo pa ìwé dé. (Ẹ má sọ fún olùkọ́ wa.)

Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo ka ìtàn rẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1969, ọkọ̀ akẹ́po kan tó ń jẹ́ Florida forí sọ àpáta ní West Falmouth, Massachusetts, ní Amẹ́ríkà. Nǹkan bí 700,000 lítà epo tó jọ dísẹ́ẹ̀lì dà sómi, ìgbì sì gbé e wọ inú ilẹ̀. Ẹja, akàn àti ọ̀pọ̀ ekòló kú bẹẹrẹ. Kò pẹ́ tí Capitella fi kún ibi tó dá páropáro náà: ó lè fara da ibi tí afẹ́fẹ́ ti ṣọ̀wọ́n, kò sì sí ẹni tí yóò bá a du oúnjẹ mọ́. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi ń lò ó bí àmì ẹ̀gbin.

Tọkọtaya Grassle, Judith àti Frederick, wá yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní. Ní 1976 wọ́n fi hàn pé ẹ̀yà mẹ́fà, ó kéré tán, ló wà lábẹ́ orúkọ kan náà. Ojú lásán kò fi bẹ́ẹ̀ yà wọ́n; àyẹ̀wò ẹ́ńsáìmù ló tú àṣírí. Wọn kì í bá ara wọn gùn. Ọmọ òmíràn ń lúwẹ̀ẹ́ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kó tó wọlẹ̀, ti òmíràn kì í tilẹ̀ lúwẹ̀ẹ́.

Àwa ọmọ ẹ̀kọ́ èdè mọ irú èyí. Ẹ kọ "ọkọ" láìfi àmì ohùn sí i: ọkọ ìyàwó ni, ọkọ́ ni, àbí ọkọ̀?

Ọ̀rọ̀ náà kì í sì í ṣe eré. Ẹni tó ń ka ekòló lẹ́yìn ìjàǹbá epo fẹ́ mọ̀ bóyá àjèjì ló lúwẹ̀ẹ́ dé, tàbí àwọn tó ṣẹ́ kù níbẹ̀ ló bí sí i. Ìtàn méjì ni, orúkọ kan sì pa wọ́n pọ̀. Lẹ́yìn 30 ọdún, epo ọjọ́ náà ṣì wà nínú ẹrẹ̀ Wild Harbor.

Mo tún iṣẹ́ mi ṣe. "Ekòló òkun" di ti gbogbo ìran wọn; Capitella di "ekòló àmì-ẹ̀gbin", pẹ̀lú nọ́ńbà, 1 dé 6. Kò dùn létí. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù, kó wá mi wá sí yàrá ìkàwé ẹ̀ka wa.