Èrè Tòótọ́ Lórí Ọjà Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Kíkà: Lúùkù 14:28–30, Òwe 31:10–24



Jésù Olúwa wa sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́ tí kò kọ́kọ́ jókòó ṣírò owó rẹ̀. Ìṣirò yẹn ni a fẹ́ jókòó ṣe lónìí, nítorí púpọ̀ nínú wa ló ti ń gbé ọjà sórí íntánẹ́ẹ̀tì, bóyá lọ́dọ̀ Jumia tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní ọdún 2012, tàbí lọ́dọ̀ àwọn mìíràn. Ọjà ń tà, ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ padà lọ ra òmíràn, owó kì í pé.

Ẹ jẹ́ kí a fi àdìrẹ Ìtòkú ní Abẹ́òkúta ṣe àpẹẹrẹ. (Kí olúkúlùkù fi iye tirẹ̀ rọ́pò tiwa.) A ra ọ̀kan ní ₦8,000, a fi ìdajì lé e gẹ́gẹ́ bí àṣà, a tà á ní ₦12,000. Ẹnu wa á yá láti sọ pé èrè ₦4,000 ni a jẹ. Ó tì o. Owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀, bí a bá pín in sórí aṣọ mẹ́wàá tí a rà, jẹ́ ₦500 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Láílọ́ọ̀nù tí a fi dì í, ₦200; gbígbé e dé ibi tí wọ́n ti ń gba ẹrù, ₦300; dátà, ₦100. Dátà yìí ni a máa ń gbàgbé jù, bí ẹni pé ọ̀fẹ́ ni. Aṣọ kan ti di ₦9,100.

Lẹ́yìn èyí ni kọmíṣọ́ọ̀nù. Iye rẹ̀ yàtọ̀ láti ilé ìtajà kan sí èkejì, àti láti irú ọjà kan sí òmíràn. Bí ó bá jẹ́ ₦15 lórí ₦100, wọn yóò yọ ₦1,800. VAT, tí ó ti wà ní ₦7.50 lórí ₦100 láti oṣù kejì ọdún 2020, tún wọ orí kọmíṣọ́ọ̀nù náà: ₦135. Ó ku ₦965 péré.

Bí oníbàárà kan nínú mẹ́wàá bá sì dá aṣọ padà pẹ̀lú àbàwọ́n, tí a wá tà á fún aládùúgbò ní ₦5,000, àdánù ₦4,100 nìyẹn, bí wọn kò tilẹ̀ gba kọmíṣọ́ọ̀nù lórí rẹ̀. Lórí aṣọ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ₦4,585 ni èrè wa.

Ẹni tí ó bá ná ₦4,000 lórí aṣọ kan, owó òwò ni ó ń jẹ. Bí ó bá jẹ́ owó àjọ ni, tàbí owó tí ẹgbẹ́ yá a, arábìnrin mìíràn ló ń dúró de owó náà.

Iye tí a tà ni wọ́n ń yọ kọmíṣọ́ọ̀nù lórí rẹ̀, kì í ṣe iye tí a rà. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ jẹ ₦15 lórí ₦100 kọ̀ọ̀kan tí a tà, kọmíṣọ́ọ̀nù àti VAT yóò kó ₦16.13, ó ku ₦68.87 fún ìnáwó wa. Ẹ fi 68.87 pín ₦9,100, kí ẹ sì fi 100 sọ ìdáhùn náà di púpọ̀: yóò lé díẹ̀ ní ₦13,200. Iye tí ó yẹ kí a kọ sára àdìrẹ yẹn nìyẹn. Bí ọjà kò bá lè gba iye yẹn, a jẹ́ pé ìsọ̀ wa ló yẹ ẹ́. Obìnrin inú Òwe 31 mọ ohun tí ọjà rẹ̀ ń mú wá.

Ìbéèrè fún ìjíròrò:

1. Kọmíṣọ́ọ̀nù èló ni ilé ìtajà tí ẹ ń lò ń gbà? Ẹ mú àkọsílẹ̀ owó tí wọ́n san fún yín wá sí ìpàdé.

2. Wọ́n ní kí a dín ₦10 kúrò lórí ₦100 nítorí ọdún Kérésì, ₦12,000 sì di ₦10,800. Èló ni èrè wa? (Àdánù ₦41.50 ni àwa bá níbẹ̀.)