Ọkọ̀ Kékeré Nínú Ìjì

Nígbà tí òjò bá fẹ́ rọ̀, afẹ́fẹ́ ni ó máa ń kọ́kọ́ dé. Eruku a sọ. Ilẹ̀kùn a máa gbá. Ìyá a ké pe àwọn ọmọ pé kí wọ́n sáré kó aṣọ wọlé. Bí ẹ bá wo aṣọ tó wà lórí okùn ní àkókò yẹn, ẹ ó rí i pé afẹ́fẹ́ ti kún inú rẹ̀. Ìró ìyá a wú bí ikùn ẹni tó jẹun yó. Ó fẹ́ já kúrò lórí okùn. Ó fẹ́ fò lọ.

Ẹ jẹ́ ká so irú aṣọ bẹ́ẹ̀ mọ́ òpó kan. Ẹ jẹ́ ká ri òpó náà mọ́ inú ọkọ̀ ojú omi. Afẹ́fẹ́ tó fẹ́ gbé aṣọ lọ yóò gbé ọkọ̀ lọ pẹ̀lú rẹ̀. Aṣọ yẹn ni a ń pè ní ìgbòkun. Lórí odò Nokoué, ní ẹ̀bá Kútọnu, àwọn apẹja máa ń ta ìgbòkun sórí ọkọ̀ wọn. Àwọn mìíràn ń fi àpò rán an. Ọkọ̀ wọn kò mu epo. Afẹ́fẹ́ ni ó ń bá wọn ṣiṣẹ́.

Ní àwọn ìlú kan, àwọn ènìyàn máa ń fi ọkọ̀ ìgbòkun kékeré sáré ìje. Ọkọ̀ náà kò gùn ju mọ́tò kan lọ. Ó ní òpó, ó ní ìgbòkun, ó sì ní ìtọ́kọ̀ lẹ́yìn. Ìtọ́kọ̀ ni a fi ń darí rẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ ọkọ̀, pákó pẹlẹbẹ kan yọ wọ inú omi. Pákó yìí ni kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ti ọkọ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́. Àwọn Faransé ń pe pákó náà ní dérive. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń pe ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ní dériveur.

Títu irú ọkọ̀ yìí kò rọrùn. Bí afẹ́fẹ́ bá ti ìgbòkun, ọkọ̀ a dagun sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kí ni atukọ̀ yóò ṣe? A jókòó sí etí ọkọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kejì. A fi ẹsẹ̀ kọ́ ọ̀já kan tí wọ́n so mọ́ inú ọkọ̀. Lẹ́yìn náà, a na ẹ̀yìn rẹ̀ síta, sórí omi. Ara rẹ̀ ni ó fi ń wọn ọkọ̀, bí ìgbà tí ènìyàn méjì bá jókòó sí orí pákó kan, tí ọ̀kan wà níhìn-ín, tí èkejì wà lọ́hùn-ún. Bí afẹ́fẹ́ bá le sí i, atukọ̀ a na ara rẹ̀ sí i. Bí afẹ́fẹ́ bá dáwọ́ dúró lójijì, ó gbọ́dọ̀ yára padà sínú ọkọ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò ṣubú sómi.

Ọkọ̀ ìgbòkun kò lè kọjú sí afẹ́fẹ́ gan-an kí ó sì máa lọ. Bí ibi tí atukọ̀ ń lọ bá wà níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ bọ̀, yóò rìn kọ́lọkọ̀lọ. Yóò yà sí ọ̀tún, yóò yà sí òsì, yóò tún yà sí ọ̀tún, títí yóò fi dé ibẹ̀. Ó pẹ́, ó sì ń rẹni. Ẹni tó bá ti gun kẹ̀kẹ́ kọjú sí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ rí lójú ọ̀nà Kétu yóò mọ̀ pé afẹ́fẹ́ kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹni nígbà gbogbo.

Ohun kan tún wà. Ọkọ̀ yìí kò ní bíréèkì. Bí atukọ̀ bá fẹ́ dúró, yóò yí imú ọkọ̀ sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, yóò sì dẹ okùn ìgbòkun. Nígbà náà ìgbòkun kò ní wú mọ́. Yóò máa jù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí àsíá ilé-ìwé. Ọkọ̀ yóò dẹwọ́ eré. Ẹ má gbàgbé èyí, nítorí yóò wúlò nínú ìtàn tó ń bọ̀.

Ní ọdún 1988, ìdíje Òlíńpíìkì wáyé ní Séoul, olú ìlú Gúúsù Kòríà. Àwọn eléré ìdárayá láti gbogbo ayé péjọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n eré ọkọ̀ ìgbòkun nílò òkun. Nítorí náà, wọ́n gbé e lọ sí Pusan, ìlú ńlá kan tó wà létí òkun.

Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Lawrence Lemieux. Ará Kánádà ni. Ó ti lọ sí Òlíńpíìkì rí ní ọdún 1984. Irú ọkọ̀ tó ń tù ní Pusan ni wọ́n ń pè ní Finn. Finn gùn tó mítà mẹ́rin àti ààbọ̀. Ìgbòkun kan ṣoṣo ni ó ní, ẹnì kan ṣoṣo ni ó sì ń tù ú. Kò sí ẹni tí yóò bá a fa okùn. Kò sí ẹni tí yóò bá a gbọ́n omi.

Eré méje ni àwọn tó ń tu Finn yóò sá. Ipò tí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá gbà nínú àwọn eré náà ni wọn yóò fi mọ ẹni tó borí. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án, wọ́n dé orí eré karùn-ún. Ní ọjọ́ kan náà, nítòsí ibẹ̀, àwọn ọkọ̀ mìíràn ń sá eré tiwọn. Àwọn yẹn ń jẹ́ 470, nítorí pé wọ́n gùn tó sẹ̀ǹtímítà 470. Ènìyàn méjì ni ó ń wà nínú 470 kan.

Nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ dáadáa. Ìyára rẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 28 ní wákàtí kan. Irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń dùn mọ́ atukọ̀. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ó fi yí padà. Ó ń le sí i, ó ń le sí i, títí ìyára rẹ̀ fi tó nǹkan bíi kìlómítà 65 ní wákàtí kan. Òkun ru. Ìgbì ń dìde bí ògiri. Bí ọkọ̀ bá wà lórí ìgbì, atukọ̀ a rí ọ̀nà jíjìn. Bí ọkọ̀ bá sọ̀ kalẹ̀ sí àárín ìgbì méjì, omi nìkan ni yóò máa rí, níwájú àti lẹ́yìn.

Nínú ìje yìí, wọ́n máa ń gbé àmì ńlá aláwọ̀ ọsàn sórí omi. Gbogbo ọkọ̀ gbọ́dọ̀ yí àmì wọ̀nyí po, kí ó tó lè parí eré. Lemieux ni ó wà níwájú. Ṣùgbọ́n ìgbì ga tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi bo àmì kan mọ́lẹ̀. Lemieux kò rí i, ó sì kọjá rẹ̀. Nígbà tí ó mọ̀, ó ní láti padà lọ yí i po. Ẹlòmíràn ti kọjá rẹ̀. Síbẹ̀, ipò kejì ni ó wà. Ó ń sa gbogbo ipá rẹ̀.

Ibẹ̀ ni ó wà nígbà tí ó rí ọkọ̀ 470 kan lọ́ọ̀ọ́kán. Ìgbòkun rẹ̀ kò sí lókè. Ọkọ̀ náà ti dojú dé.

Àwọn ará Singapore méjì ni ó ni ọkọ̀ náà. Orúkọ wọn ni Joseph Chan àti Shaw Her Siew. Kì í ṣe ohun ìyanu pé kí ọkọ̀ kékeré dojú dé. Ó ń ṣẹlẹ̀ sí gbogbo atukọ̀. Wọ́n á wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì. Wọ́n á gun orí pákó ìsàlẹ̀ ọkọ̀, wọ́n á fi ìwúwo ara wọn fà á, ọkọ̀ á sì dìde. Ṣùgbọ́n nínú irú ìjì yẹn, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ń di ìdí ọkọ̀ mú. Èkejì kò sí lẹ́bàá ọkọ̀ mọ́. Omi ti ń gbé e lọ.

Èyí ni ohun tó burú jù. Ọkọ̀ tó dojú dé tóbi, ènìyàn lè rí i láti òkèèrè. Orí ènìyàn kéré. Ìgbì tó bo àmì ńlá aláwọ̀ ọsàn mọ́lẹ̀, ṣé kò ní lè bo orí ènìyàn kan? Ẹ̀yin ọmọ Àjàṣẹ́ tí ẹ ń wọ ọkọ̀ lórí ọ̀sà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: bí ọkọ̀ bá dojú dé, ẹ dì í mú, ẹ má ṣe fi í sílẹ̀.

Lemieux lè máa bá eré rẹ̀ lọ. Ọkọ̀ àwọn tó ń ṣọ́ òkun wà. Bóyá wọn yóò rí wọn. Bóyá wọn kò sì ní rí wọn. Bí ó bá yà kúrò lójú ọ̀nà, ipò kejì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Bí kò bá yà, ẹni tí omi ń gbé lọ lè má padà wálé.

Ó yà.

Ó kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ ẹni tí omi ń gbé lọ. Ẹ rántí pé ọkọ̀ rẹ̀ kò ní bíréèkì. Atukọ̀ kò gbọdọ̀ gbá ẹni tó wà nínú omi, kò sì gbọdọ̀ kọjá rẹ̀. Ọwọ́ kan ń di ìtọ́kọ̀ mú, ọwọ́ kejì ń ṣiṣẹ́, ìgbòkun sì ń jù gbà-gbà lókè orí. Ó fa ọkùnrin náà sínú ọkọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó lọ bá ẹnì kejì ní ìdí ọkọ̀ tó dojú dé.

Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ẹnì kan ti wá di ti ènìyàn mẹ́ta. Ó wúwo. Kò lè sáré mọ́. Lemieux kò tún gbìyànjú láti lọ. Ó dúró tì wọ́n títí ọkọ̀ àwọn aláàbò fi dé. Wọ́n gba àwọn méjèèjì lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì gbé wọn lọ sí èbúté.

Lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, eré ti tán fún Lemieux. Ṣùgbọ́n ó fa okùn ìgbòkun rẹ̀, ó sì padà sójú ọ̀nà. Ó yí àwọn àmì tó kù po, ó parí eré náà. Ipò kejìlélógún ni ó gbà.

Àwọn adájọ́ jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà. Nínú ìwé òfin ìje ọkọ̀ ìgbòkun, òfin kan wà tí wọ́n fi síwájú: atukọ̀ gbọ́dọ̀ ran ẹnikẹ́ni tó bá wà nínú ewu lọ́wọ́, bí agbára rẹ̀ bá ṣe mọ. Ẹni tó bá sì pàdánù ipò rẹ̀ nítorí pé ó ṣe ìrànlọ́wọ́, àwọn adájọ́ lè dá ipò padà fún un. Wọ́n béèrè pé, ipò wo ni Lemieux wà nígbà tí ó yà? Ipò kejì ni. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún eré karùn-ún náà pé Lemieux gba ipò kejì.

Nígbà tí eré méje parí, ará Spéènì kan, José Doreste, ni ó gba wúrà nínú ìje Finn. Ipò kọkànlá ni Lemieux wà. Ẹni tó bá gba ipò kọkànlá kì í gba wúrà, kì í gba fàdákà, kì í gba idẹ. Ṣùgbọ́n wọ́n fún un ní mẹ́dàlì kan tí àwọn díẹ̀ péré ti gbà rí. Ó ń jẹ́ orúkọ Pierre de Coubertin, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó jí ìdíje Òlíńpíìkì dìde. Juan Antonio Samaranch, ààrẹ ìgbìmọ̀ Òlíńpíìkì nígbà náà, ni ó fà á lé e lọ́wọ́.

Ẹ dáhùn

1. Kí ni ó ń mú aṣọ orí okùn wú?
2. Kí ni iṣẹ́ pákó tó wà ní ìsàlẹ̀ ọkọ̀?
3. Báwo ni atukọ̀ ṣe ń dá ọkọ̀ ìgbòkun dúró?
4. Kí ló dé tí Lemieux kò fi rí àmì kan?
5. Ta ni Lemieux kọ́kọ́ gbà là nínú àwọn méjèèjì? Kí ló dé tí ó fi jẹ́ òun?
6. Kí ló dé tí Lemieux kò fi bẹ̀rẹ̀ eré padà ní kété tí àwọn méjèèjì wọ inú ọkọ̀ rẹ̀?
7. Ẹ ro ó: bí àwọn adájọ́ kò bá dá ipò kejì padà fún un, ṣé ó yẹ kí ó bínú?

Ẹ ṣe é

Ẹ wá èèpo àgbọn kan tí wọ́n pín sí méjì. Ẹ fi amọ̀ díẹ̀ sí inú rẹ̀, kí ẹ sì gún ọwọ̀n ìgbálẹ̀ mọ́ amọ̀ náà. Ewé kan ni yóò jẹ́ ìgbòkun. Ẹ gbé ọkọ̀ yín sínú agbada omi, kí ẹ fẹ́ ẹ láti ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà, ẹ fẹ́ ẹ láti ẹ̀gbẹ́. Ó fẹ́ dojú dé, àbí? Ẹ wá òkúta kékeré kan. Ẹ̀gbẹ́ wo ni ẹ ó gbé e sí, kí ọkọ̀ má bàa dojú dé?