Àkànní, Fi Igi Yẹn Sílẹ̀

Àkànní ọmọ mi, jókòó. Má tíì lọ gbé mínírà wá, ọ̀rọ̀ ni mo bá wá. Ṣé ò ń wá ibi tí wàá da owó sí ni? Lọ́dọọdún, bí òtútù bá ti lọ, wọn a wá já koríko Bermuda sílẹ̀ níwájú ilé yìí, wàá tẹ́ ẹ sábẹ́ igi oak tó wà lẹ́yìnkùlé, gbogbo wa á ní ó dára. Kó tó di oṣù kẹjọ, ilẹ̀ ti pá. Ìyàwó ẹ wá sọ fún mi pé o tún ti ń béèrè iye tí wọ́n ń tà á. Ohun tó gbé mi gba ọ̀nà US 80 wá sí Forney láàárọ̀ yìí nìyẹn.

Koríko náà ò ṣẹ̀ ẹ́ o. Áfíríkà wà lára ibi tí Bermuda ti ṣẹ̀ wá, oòrùn gbangba ló mọ̀. Wákàtí 6 sí 8 lójúmọ́ ló ń fẹ́. Tí kò bá ti rí i, á máa nà tẹ́ẹ́rẹ́, ìdí ẹ̀ á ṣí, á kú. O wá ń da ajílẹ̀ lé e lórí. Ẹni tí ebi ń pa, ṣé iyọ̀ la máa ń bù fún un? Irú ajílẹ̀ tí ò ń rà gan-an ló dùn mí jù, èyí tí wọ́n po oògùn apakoríko mọ́. Gbòǹgbò igi wà lábẹ́ ibẹ̀, Àkànní! Oògùn yẹn kò mọ èpò yàtọ̀ sí igi.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe kò ní ná ẹ ní kọ́bọ̀. Ní Sátidé tó ń bọ̀, láti aago 8 àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, máa jáde síbẹ̀ ní wákàtí wákàtí, kí o wo ibi tí oòrùn dé, kí o fi igi kéékèèké sàmì síbẹ̀. Oṣù karùn-ún yìí gan-an ló dáa, ewé ti kún orí igi. Ẹni tó bá wò ó ní oṣù kejì, nígbà tí ewé ti wọ́ tán lórí àwọn igi elm ará ilé kejì, ń tan ara ẹ̀ ni.

Ibi tí oòrùn bá ti tó wákàtí 4 sí 6, St. Augustine ni kí o tẹ́ síbẹ̀. Nínú àwọn koríko ìgbà ooru tí wọ́n ń lò ní Texas, òun ló fara da ìbòòji jù, létí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà náà sì ni ó ti ń hù. Palmetto tàbí Raleigh ni kí o béèrè. Má gba Floratam lọ́wọ́ wọn. Yunifásítì Texas A&M àti Yunifásítì Florida ló gbé e jáde ní 1973, koríko gidi ni, ṣùgbọ́n kò fẹ́ ìbòòji, òtútù ibí sì le jù fún un. O rántí oṣù kejì 2021, tí yìnyín sé gbogbo wa mọ́lé? Ọ̀pọ̀ St. Augustine ló bá a lọ ní agbègbè Dallas yìí.

Ibi tí oòrùn ò bá tó wákàtí 4, gbé e fún igi. Da èèpo igi lílọ̀ síbẹ̀, kí o gbin mondo grass díẹ̀ àti Turk's cap, òdòdó pupa tó mọ Texas bí ilé, kí o gbé àga méjì síbẹ̀ fún èmi àti ìyàwó ẹ. Ta ló sọ fún yín pé gbogbo ilẹ̀ tó yí ilé ká ló gbọ́dọ̀ ní koríko? Àgbàlá tí àwọn ìyá wa ń gbá lójúmọ́, tó mọ́ tónítóní, tí a ń jókòó ṣeré níbẹ̀ lálẹ́, ẹyọ koríko kan ò sí níbẹ̀, ó sì lẹ́wà lójú mi títí di òní. O ní HOA, ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò yín, máa bínú. Láti 2013, òfin Texas kò gbà kí HOA ka gbígbin ohun tí kì í mu omi púpọ̀ léèwọ̀. Wọ́n lè ní kí o kọ́kọ́ fi ètò ẹ han àwọn. Fi hàn wọ́n.

Ilẹ̀ ibí yìí, amọ̀ dúdú ni, ilẹ̀ òwú láyé àtijọ́. Bí òjò bá rọ̀, á lẹ̀ mọ́ bàtà. Bí ọ̀dá bá dé, á sán títí ọwọ́ á fi wọ inú ẹ̀. Po kọ́ńpóòsì mọ́ ọn níbi tí oòrùn wà, ṣùgbọ́n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ẹ̀rọ ìtúlẹ̀ dé abẹ́ igi, má sì da erùpẹ̀ jọ lé gbòǹgbò lórí. Gbòǹgbò ń mí.

Fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, máa bomi rin koríko tuntun lójoojúmọ́. Lẹ́yìn náà, dín iye ìgbà kù, ṣùgbọ́n kí omi máa pọ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan. Gbé agolo tòmátò sílẹ̀ lábẹ́ omi. Tí àpapọ̀ omi inú ẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan bá ti tó íńṣì 1, ó ti tó. Àárọ̀ kùtù ni kí o ṣe é. Koríko abẹ́ igi tó bá sun pẹ̀lú omi lára ń pe àrùn ni. Kí o sì bá ọkùnrin tó ń gé e fún ẹ sọ̀rọ̀, kí ó gbé abẹ ẹ̀rọ ẹ̀ sókè sí íńṣì 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ewé ni koríko fi ń jẹ oòrùn, ẹ̀yin sì ń fá a lórí.

Igi ńkọ́? Mo gbọ́ pé o ti pe aláyùn. Pè é padà, kí o ní kó má wá mọ́. Bí o bá gé igi yẹn kúrò, kí ló máa bo fèrèsé yàrá àwọn ọmọ ní oṣù kẹjọ? Bí ẹ̀ka ìsàlẹ̀ ẹ̀ bá ń dà ẹ́ láàmú, dúró di oṣù keje. Láti ọjọ́ 1 oṣù kejì títí di ìparí oṣù kẹfà, a kì í fi ayùn kan oak ní Texas, nítorí àrùn oak wilt. Kòkòrò tó ń gbé e kiri ń wá ojú ọgbẹ́ tútù. Ìgbàkígbà tí o bá sì gé e, fi ọ̀dà kun ojú ibẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ó yá, pe ìyàwó ẹ fún mi. Irúgbìn ewédú wà nínú báàgì mi. Ẹ̀bá ọgbà, níbi tí oòrùn ti ń ta títí di ìrọ̀lẹ́, ni kí ó fọ́n ọn sí, kì í ṣe abẹ́ igi.