Ẹ Yẹ Tákàdá Wò Kí Ẹ Tó Sanwó

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra àwòrán àtijọ́ tí wọ́n fi àwo bàbà tẹ̀, pàápàá ti ahoro tẹ́ńpìlì àti ìtàn òrìṣà àwọn ará Gíríìsì ìgbàanì, ẹ ṣọ́ra. Àwo bàbà máa ń pẹ́ láyé ju ẹni tó fín in lọ, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ òǹrajà ti ń kó sí gbèsè.

Ọdún 1777 ni Giovanni Battista Piranesi, tó ń fín àwòrán sára àwo bàbà, lọ sí Paestum ní gúúsù Ítálì, níbi tí tẹ́ńpìlì mẹ́ta tí àwọn Gíríìkì kọ́ ṣì wà lórí ìdúró. Ó lọ yà wọ́n, àmọ́ ó kú ní 1778. Francesco ọmọ rẹ̀ ló bá a parí iṣẹ́ náà. Àwọn ọmọ Piranesi kó àwọn àwo bàbá wọn lọ sí Paris, wọ́n ń fi wọ́n tẹ àwòrán tà. Nígbà tó yá, àwọn àwo náà padà sí Róòmù, ibẹ̀ ni wọ́n wà títí dòní. Nítorí náà, ẹni tó ní iṣẹ́ Piranesi lòun ń tà lè má purọ́, kó sì jẹ́ pé Piranesi ti kú tipẹ́ kí wọ́n tó tẹ èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Iye tó yẹ kí ẹ san fún un kò lè dọ́gba pẹ̀lú ti àkọ́tẹ̀.

Wọ́n á ní kí ẹ fọwọ́ pa etí àwòrán, pé bí ojú àwo bá ti tẹ̀ wọnú tákàdá, ojúlówó ni. Ẹ má gbára lé ìyẹn nìkan, torí àtúntẹ̀ náà ní in. Ẹ gbé tákàdá sójú ìmọ́lẹ̀ kí ẹ wá àmì ẹni tó ṣe é. Òun ló sábà máa ń tú àṣírí ọjọ́ orí rẹ̀. Bí gíláàsì amúǹkantóbi bá sì fi tótòtó kéékèèké tó tò lẹ́sẹẹsẹ hàn yín, fọ́tò ni wọ́n tún tẹ̀.

Èyí tó ká mi lára jù ni ti àwọn tí ń fa ìwé ya nítorí owó. James Stuart àti Nicholas Revett wọn àwọn ilé àtijọ́ Athens pẹ̀lú sùúrù, wọ́n sì gbé ìdìpọ̀ kìíní ìwé wọn jáde ní 1762. Tẹ́ńpìlì kékeré kan wà lẹ́bàá odò Ilissos tí wọ́n yà sínú ìwé náà. Ní 1778 ni àwọn aláṣẹ ìlú wó o, wọ́n fi òkúta rẹ̀ mọ odi ìlú. Ojú ìwé wọ̀nyẹn wà lára ohun tó kù tó ń sọ bó ṣe rí. Ẹni tó gé ọ̀kan tà, tó sọ àkọsílẹ̀ ìwọ̀n tó bá a rìn nù, ti tún tẹ́ńpìlì yẹn wó.

Olè jíjà náà wà nínú òwò yìí. Ní 2005, abẹ tó já bọ́ lọ́wọ́ E. Forbes Smiley, oníṣòwò máàpù, ní ilé-ìkàwé Yunifásítì Yale ló tú u fó. Ó jẹ́wọ́ pé máàpù 97 lòun jí. Ẹ béèrè ibi tí àwòrán ti wá, kí ẹ sì gba rìsíìtì. Ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò: bí ẹ bá rí òntẹ̀ ilé-ìkàwé, tàbí ibi tí wọ́n ti họ ọ́ kúrò, ẹ má rà á, ẹ kàn sí ilé-ìkàwé náà lọ́jọ́ yẹn gan-an.