Fífọ́, lílà tàbí sísán? Ọ̀rọ̀-ìṣe tó yẹ àpáta gbígbóná

Iṣẹ́ ìtumọ̀ kan ni a gbà ṣe fún ojú-ewé Yorùbá yìí: kí a túmọ̀ àlàyé kúkúrú kan láti inú Faransé, lórí bí a ṣe lè fi CO2 ṣí ojú àpáta gbígbóná tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀, kí a lè fa ooru rẹ̀ jáde láti fi ṣe iná mànàmáná. A rò pé ọ̀sẹ̀ kan ti tó. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "fracturation", ló dá wa dúró fún oṣù kan.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí. Bí a bá ń gbẹ́ ilẹ̀ lọ sísàlẹ̀, ooru ń pọ̀ sí i. Ní Soultz-sous-Forêts, ní Alsace ní ilẹ̀ Faransé, níbi tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní 1987, wọ́n gbẹ́ ihò dé 5000 mítà, ooru ibẹ̀ sì tó nǹkan bí 200 °C. Ṣùgbọ́n àpáta líle kì í sábà ní àlàfo tó tó fún omi láti gbà kọjá. Nítorí náà, láti ìgbà ìdánwò Fenton Hill ní New Mexico, Amẹ́ríkà, ní àwọn ọdún 1970, wọ́n ń fi agbára ti omi wọ inú ihò kan títí ojú yóò fi ṣí lára àpáta. Omi tútù yóò gba ibẹ̀ kọjá, yóò gbóná, yóò sì gba ihò kejì jáde.

Ní 2000 ni Donald Brown, ti Los Alamos, dá a lábàá pé kí a fi CO2 rọ́pò omi. Omi ń ṣòfò sínú ilẹ̀, ó sì ń yọ́ èròjà inú òkúta, èyí tó máa ń dí páìpù. CO2 kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ́ wọn. Bí ó bá gbóná, ó ń fúyẹ́ gan-an, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lè gòkè fúnra rẹ̀, iṣẹ́ pọ́ǹpù á sì dín kù. (Ẹni tó bá mọ bí omi ṣe ń wọ́n ní Kétu lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn yóò mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ omi yìí fi wọ̀ wá létí.)

Ó wá ku ọ̀rọ̀-ìṣe. Nítorí pé Faransé ni a fi kàwé láti kékeré, "fracture" kọ́kọ́ gbé ọkàn wa lọ sí ilé ìwòsàn: apá tó kán, eegun tó dá. Àpáta kì í kán. A wá kọ "fífọ́ àpáta", inú wa sì dùn. A kà á fún ẹ̀gbọ́n bàbá ọ̀kan nínú wa, tó ti gbẹ́ kànga fún ọ̀pọ̀ ọdún ní agbègbè Kétu. Bàbá fetí sílẹ̀ dáadáa, wọ́n ní: "Ẹ̀yin ọmọ, bí wọ́n bá fọ́ ọ tán, ta ni yóò wá kó òkúta rẹ̀ jáde?"

Ìbéèrè gidi ni. Ẹ wo àpẹẹrẹ méjì yìí:

(1) Ìkòkò fọ́.
(2) Ìkòkò sán.

Ìkòkò (1) ti di àpáàdì. Ìkòkò (2) ṣì wà ní ìdúró, ó kàn ń jò ni. (2) gan-an ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń fẹ́: kí àpáta wà ní ipò rẹ̀, kí nǹkan sì lè gba ara rẹ̀ kọjá. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé fọ́ lè gba àbọ̀ láìsí wàhálà (ó fọ́ ìkòkò), ṣùgbọ́n sán kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá ní ẹnì kan sán nǹkan, igbó tí a sán tàbí bàǹtẹ́ tí a sán ni yóò kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn. Àfi kí a lo mú: wọ́n mú kí àpáta sán. Láti ibẹ̀ a lè ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-orúkọ "ìmú-àpáta-sán", lọ́nà kan náà tí a gbà ní "ìmúláradá".

Là náà ń bá a du ipò. Ó ń gba àbọ̀: a ń la igi, a ń la ọ̀nà. Òwe sì wà lẹ́yìn rẹ̀, pé bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ọ̀kan nínú wa kò fẹ́ gbọ́ òmíràn mọ́ lẹ́yìn òwe yìí. Ṣùgbọ́n là máa ń fi ojú kan ńlá hàn, tó lọ tààrà. Àwọn onímọ̀ kan ní Kyoto, ní Japan, tẹ àbájáde ìdánwò jáde ní 2012 lórí òkúta líle tí wọ́n ti omi tàbí CO2 wọ inú rẹ̀. CO2 kì í ki bí omi, ó ń ráyè wọ ibi tóóró. Ojú tó ṣí sì lọ síhìn-ín sọ́hùn-ún ju ti omi lọ, ìfúnpá tó fi ṣí i sì kéré ju ti omi. Ní tiwa, a gbà pé omi a máa la àpáta, CO2 a máa mú un sán.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé eré ọ̀rọ̀ lásán ni. Ní Basel, ní Switzerland, títi omi wọ ilẹ̀ fa ìmìtìtì tó ní ìwọ̀n 3.4 ní December 2006, iṣẹ́ náà sì dúró. Ní Pohang, ní Gúúsù Korea, èyí tó ṣẹlẹ̀ ní 15 November 2017 tó 5.4, ó ba ọ̀pọ̀ ilé jẹ́. Ìbéèrè tó dìde níbẹ̀, tiwa ni: ta ni olùwà? Ṣé "ilẹ̀ mì" ni, àbí "wọ́n mi ilẹ̀"? Ní 2019, ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ sọ pé omi tí wọ́n tì wọlé níbi ìdánwò náà ló ru ú sókè. Ẹni tí wọ́n bá fẹ́ gbẹ́ irú ihò bẹ́ẹ̀ sítòsí ilé rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí gbólóhùn tó ní olùwà. CO2 pàápàá, ilé ìwádìí àti ìṣirò ni púpọ̀ nínú ohun tí a mọ̀ nípa lílò rẹ̀ yìí ti wá, nítorí náà a kò kọ "yóò" níbi tí "lè" ti tó.

Ibì kan ṣì wà tí a kò tíì fẹnu kò. Bí ooru bá ju 31 °C lọ, tí ìfúnpá sì ju ìlọ́po 73 ti afẹ́fẹ́ tó yí wa ká, CO2 kì í ṣe omi mọ́, kì í sì í ṣe afẹ́fẹ́. Ọ̀kan nínú wa ní kí a pè é ní CO2 àdán, nítorí kò ṣeku, kò ṣẹyẹ. A rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n a kò tíì rí èyí tó dára jù ú lọ. Ẹni tó bá ní òmíràn, kí ó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa kí ojú-ewé tó ń bọ̀ tó jáde.